Wọ́n Ní Owó Yín Kò Jáde: Ṣé Kóòtù Lè Yí Ìdáhùn Yẹn Padà?

Ẹ̀yin tí ẹ wà nínú sún-kẹrẹ fà-kẹrẹ ní Jakande, ẹ̀yin tí ẹ ń dúró de kórópe lábẹ́ bíríìjì Ajah, ẹ̀yin tí ẹ ti délé ní Sangotedo tí ẹ ń dáná, ẹ kú iṣẹ́ òní. Tó bá jẹ́ pé ẹ ń kà á ni, tí ẹ kò gbọ́ ọ, ọ̀rọ̀ tí mo sọ nínú ètò náà gan-an la tẹ̀ síbí. Ẹ máa bá mi ká lọ.

Yorùbá ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe gidi ni, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ló ń lò ó níbi tí kò yẹ. Tí iléeṣẹ́ ìjọba bá kọ̀wé sí wa pé owó tí a béèrè kò tọ́ sí wa, a ó ká lẹ́tà náà, a ó tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, a ó ní Ọlọ́run á dá a. Tẹ̀gbọ́n tàbúrò, lọ́kọláya, aládùúgbò méjì tí wọ́n jọ ń fa omi nínú kànga kan náà, àwọn ni òwe yẹn ń bá wí. Iléeṣẹ́ ìjọba kì í ṣe ọ̀rẹ́ yín tẹ́lẹ̀. Kò sí ọ̀rẹ́ kankan tí ẹjọ́ máa bà jẹ́ níbẹ̀.

Ìbéèrè tí mo fẹ́ dáhùn lónìí nìyí: tí ìjọba bá sọ pé rárá, ṣé adájọ́ lè wo rárá yẹn wò, kó sì yí i padà? Ìdáhùn mi ni pé bẹ́ẹ̀ ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo owó, kì í sì í ṣe nígbàkígbà tó bá wù yín.

Owó ẹ̀tọ́ yàtọ̀ sí owó àánú

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ya nǹkan méjì sọ́tọ̀. Owó kan wà tí ìjọba ń san torí pé òfin ti sọ pé tiyín ni. Owó mìíràn wà tí ìjọba ń san torí pé ó wù wọ́n láti san án lásìkò yẹn.

Ẹ rántí N-Power. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 2016, àwọn ọ̀dọ́ tó ti jáde fásitì sì ń gba ₦30,000 lóṣù. Nígbà tó di oṣù Kẹwàá 2023, ìjọba àpapọ̀ dá a dúró. Ẹni tó ti ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì jẹ ẹ́ lówó, lè ní ọ̀rọ̀ láti sọ ní kóòtù. Ṣùgbọ́n ẹni tó kàn fi orúkọ sílẹ̀ tó ń retí kí wọ́n mú òun, ó ṣòro kí adájọ́ tó lè ṣe nǹkan fún un, torí ètò ni, kì í ṣe ẹ̀tọ́ tí òfin so mọ́ orúkọ rẹ̀.

Àwọn kan á ní, "Ṣebí ìwé òfin 1999 sọ pé kí ìjọba tọ́jú arúgbó, aláìsàn, ẹni tí kò níṣẹ́ àti àwọn abirùn?" Òótọ́ ni, ó wà ní abala 16. Ṣùgbọ́n abala 16 wà nínú Orí Kejì ìwé òfin náà, abala 6 sì ti sọ pé kóòtù kò gbọdọ̀ fi ipá mú ìjọba ṣe ohun tó wà nínú Orí Kejì. Ìpinnu ni, ìlérí ni, ṣùgbọ́n ẹ kò lè gbé e lọ síwájú adájọ́ bẹ́ẹ̀.

Èkó níbí náà ni ọ̀kan lára àwọn ẹjọ́ tó kọ́ wa ní ẹ̀kọ́ yìí ti wáyé. Nígbà tí Lateef Jakande jẹ́ gómìnà, ẹni tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ẹ́síteètì àti ibùdókọ̀ yín ní Lekki, ìjọba rẹ̀ fẹ́ fòpin sí ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ aládàáni. Bíṣọ́ọ̀bù àgbà Anthony Okogie àti àwọn mìíràn gbé ìjọba Èkó lọ sí kóòtù. Ní 1981, ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn sọ pé ohun tó wà nínú Orí Kejì kò lè borí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn tó wà nínú Orí Kẹrin, kóòtù kò sì lè fi ipá mú ẹnikẹ́ni tẹ̀lé Orí Kejì.

Nígbà wo wá ni owó àánú ń di owó ẹ̀tọ́? Nígbà tí àwọn aṣòfin bá jókòó, tí wọ́n ṣe òfin tó sọ ẹni tí owó tọ́ sí, iye rẹ̀, àti ẹni tó gbọ́dọ̀ san án. Ibẹ̀ ni ilẹ̀kùn kóòtù ti ṣí. Irú òfin bẹ́ẹ̀ wà, ó sì kan gbogbo ẹni tó ń jí lójoojúmọ́ lọ ṣiṣẹ́ láti Ajah títí dé Victoria Island.

Òfin kan tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ kò mọ̀

Orúkọ òfin náà ni Employees' Compensation Act. Ààrẹ Goodluck Jonathan fọwọ́ sí i ní oṣù Kejìlá 2010. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń san owó gbà-má-bínú fún òṣìṣẹ́ tó fara pa lẹ́nu iṣẹ́, tó kó àìsàn níbi iṣẹ́, tàbí tó di aláàbọ̀ ara. Tí òṣìṣẹ́ náà bá kú, àwọn tó fi sílẹ̀ ni wọ́n ń san án fún. Àjọ tó ń bójú tó o ni NSITF, àjọ ìjọba àpapọ̀ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1993.

Ibo ni owó ti ń wá? Agbanisíṣẹ́ ló ń san án: òfin ní kó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìdá 1 nínú 100 gbogbo owó oṣù tó ń san. Kò gbọdọ̀ yọ kọ́bọ̀ kan nínú owó oṣù òṣìṣẹ́ nítorí rẹ̀. Tí ọ̀gá yín bá ń yọ owó tó pè ní owó NSITF nínú owó oṣù yín, òfin kò gbà á láyè.

Ta ni òfin náà kàn? Ibí ló ti dùn mọ́ mi jù. Ẹni tí ó ní ìwé àdéhùn àti ẹni tí wọ́n kàn fẹnu gbà síṣẹ́, gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ojoojúmọ́ wà níbẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ tó ń kọ́ṣẹ́ wà níbẹ̀. Ọmọ ọ̀dọ̀ tí kì í ṣe ẹbí ọ̀gá rẹ̀ wà níbẹ̀. Òṣìṣẹ́ ìjọba wà níbẹ̀, aládàáni náà wà níbẹ̀. Àwọn ọmọ ogun nìkan ni òfin náà yọ sílẹ̀ gedegbe. Ẹ ronú sí gbogbo géètì tó wà láti Lekki Phase 1 títí dé Abraham Adesanya, gbogbo awakọ̀ tó ń gbé ọmọ ọ̀gá lọ síléèwé, gbogbo ọmọ ọ̀dọ̀ tó ń se oúnjẹ nínú ilé alájà mẹ́ta. Òfin náà rí wọn.

Ó sì yẹ ká máa rántí ìdí tí irú òfin bẹ́ẹ̀ fi wà. Ní oṣù Kẹta 2016, ilé tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ wó ní Ìkátẹ̀, ó lé ní 30 ènìyàn tó bá a lọ. Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kọkànlá 2021, ilé alájà 21 wó ní Gerrard Road, Ìkòyí, ó lé ní 40 ènìyàn tó kú. Púpọ̀ nínú wọn ló jẹ́ pé iṣẹ́ ni wọ́n wá ṣe níbẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Àpẹẹrẹ kan

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ sí i. Àpẹẹrẹ lásán ni o, n kò sọ ìtàn ẹnikẹ́ni.

Ká ní ọkùnrin kan ń gbé ní Badore, ó sì ń ṣọ́ géètì ẹ́síteètì kan ní Ìkátẹ̀. Ó ní ìyàwó kan àti ọmọ méjì. Owó oṣù rẹ̀ jẹ́ ₦70,000, ìyẹn owó oṣù tó kéré jù lọ tí òfin 2024 là sílẹ̀. Ní ìdájí ọjọ́ kan, ó wọ kórópe, ó ń lọ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ṣọ́ òru. Kórópe náà kọlu tírélà kan, ọkùnrin náà sì kú kó tó dé ilé ìwòsàn.

Ìyàwó rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù, ó béèrè owó gbà-má-bínú. Lẹ́yìn oṣù mẹ́rin, lẹ́tà dé: ọkọ rẹ̀ kò tíì dé ẹnu iṣẹ́ nígbà tí ìjàǹbá náà ṣẹlẹ̀, nítorí náà kò sí owó.

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́, àbí? Ẹni tí kò tíì dé ibi iṣẹ́, báwo ló ṣe wà lẹ́nu iṣẹ́? Ṣùgbọ́n ẹ wo abala 7 òfin náà. Ó ní ìjàǹbá tó bá ṣẹlẹ̀ sí òṣìṣẹ́ lójú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ilé rẹ̀ wà lára ohun tí wọ́n ń san owó fún. Bákan náà ni ojú ọ̀nà láàárín ibi iṣẹ́ àti ibi tó ti sábà máa ń jẹun, tàbí ibi tó ti máa ń gba owó oṣù. Òfin náà fẹ́ kí agbanisíṣẹ́ ti mọ irú ibẹ̀ ṣáájú. Ìdí nìyẹn tí mo fi ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá ń gbọ́ mi pé tí ẹ bá kó kúrò ní Ajah lọ sí Awoyaya, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ọ̀gá yín. Ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp tàbí ímeèlì, kó má kàn jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu.

Ní ti ìyàwó tó ní ọmọ méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, òfin náà ní kí wọ́n máa san ìdá 90 nínú 100 owó oṣù olóògbé lóṣooṣù. Tó bá jẹ́ ọmọ kan ni, ìdá 85. Ẹ ṣírò rẹ̀: ìdá 90 nínú ₦70,000 jẹ́ ₦63,000 lóṣù. Lọ́dún kan, ó di ₦756,000. Owó iléèwé ọmọ méjì àti owó ilé ni lẹ́tà rárá yẹn ń gbé lọ. Tí obìnrin náà bá tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó parí nìyẹn.

Ìdí tí rárá wọn kì í fi í ṣe òpin

Ẹ gbọ́ èyí dáadáa, torí òun ni ọ̀pá ìdí ọ̀rọ̀ tòní. Abala 36 ìwé òfin 1999 gbà kí òfin fún iléeṣẹ́ ìjọba lágbára láti pinnu ọ̀rọ̀ tó kan ẹ̀tọ́ ẹnìkan. Ṣùgbọ́n ó fi nǹkan méjì dè é. Èkíní, wọ́n gbọ́dọ̀ fún ẹni náà láyè láti sọ tẹnu rẹ̀ kí wọ́n tó pinnu. Èkejì, òfin náà kò gbọdọ̀ sọ pé ìpinnu iléeṣẹ́ yẹn ni òpin ọ̀rọ̀.

Àwọn bàbá wa ti sọ èkíní tipẹ́: agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Àwọn ìlú mìíràn náà ti fi ojú winá kí wọ́n tó mọ̀ ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, ní 1970, àwọn tálákà kan ní New York gbé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní Goldberg v. Kelly dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀. Ìjọba ti ń gé owó ìrànwọ́ wọn láì kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n jókòó sọ tẹnu wọn. Ilé ẹjọ́ náà ní kò gbọdọ̀ rí bẹ́ẹ̀: ẹ gbọ́ wọn kí ẹ tó gé owó, torí ẹni tó jẹ́ pé owó yẹn ló fi ń jẹun kò lè dúró de ọdún kan kí ẹ tó mọ̀ pé ẹ ṣe àṣìṣe.

Àtẹ̀gùn náà, ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan

Kóòtù kọ́ ni ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́. Àtẹ̀gùn ni ọ̀rọ̀ yìí, tí ẹ bá sì fo ìgbésẹ̀ kan, adájọ́ lè ní ẹ padà lọ gùn ún.

Ìgbésẹ̀ kìíní wà níbi iṣẹ́. Òṣìṣẹ́ tó fara pa, tàbí ẹbí rẹ̀, ní ọjọ́ 14 láti sọ fún agbanisíṣẹ́. Agbanisíṣẹ́ ní ọjọ́ 7 láti fi tó àjọ náà létí.

Ìgbésẹ̀ kejì ni fọ́ọ̀mù. Láti ọjọ́ tí ìjàǹbá tàbí ikú náà ṣẹlẹ̀, ọdún kan lẹ ní láti béèrè owó. Àyè díẹ̀ wà fún ẹni tí ìdí pàtàkì bá dá dúró, ṣùgbọ́n ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé àyè yẹn.

Ìgbésẹ̀ kẹta ni pé kí ẹ gbé rárá náà lọ síwájú ìgbìmọ̀ àjọ náà fúnra rẹ̀. Abala 55 ló sọ ọ́, ọjọ́ 180 ló sì fún yín láti ọjọ́ tí wọ́n ti pinnu. Oṣù mẹ́fà ni. Ẹ má sọ pé ó pọ̀, torí ìwé ọlọ́pàá nìkan lè jẹ oṣù kan nínú rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin ni kóòtù. Tí ìgbìmọ̀ náà bá tún ní rárá, òfin kan náà ní kí ẹ lọ sí National Industrial Court, ilé ẹjọ́ tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ àti agbanisíṣẹ́. Ní 1976 ni wọ́n dá ilé ẹjọ́ yìí sílẹ̀ láti máa parí ìjà ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ àti iléeṣẹ́. Àtúnṣe tí wọ́n ṣe sí ìwé òfin, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù Kẹta 2011, ló fún un lágbára lórí owó oṣù, owó ìfẹ̀yìntì àti owó àjẹmọ́nú òṣìṣẹ́. Ti Èkó wà ní Lugard Avenue, Ìkòyí. Láti Ajah, ẹ kọjá bíríìjì Lekki sí Ìkòyí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débẹ̀. Tí ẹ bá lọ gbé irú ẹjọ́ yìí sí kóòtù mìíràn, owó lọ́yà yín àti ọdún yín lè ṣòfò, torí wọ́n lè ní kì í ṣe ibẹ̀ ló yẹ kó wà.

Kí ni adájọ́ máa ń wò?

Ẹ má rò pé adájọ́ á béèrè bóyá àánú yín ṣe òun. Kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ìbéèrè mélòó kan ló máa ń bi ìpinnu náà.

Ṣé ẹni tó ṣe ìpinnu yìí ní àṣẹ láti ṣe é? Ṣé wọ́n fún ẹni tó béèrè láyè láti sọ̀rọ̀, àbí wọ́n kàn pinnu lẹ́yìn rẹ̀? Ṣé wọ́n ka òfin bó ṣe wà, àbí wọ́n fo ohun kan? Ṣé ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ lè gbé ìpinnu náà dúró? Ṣé wọ́n tiẹ̀ sọ ìdí?

Ẹ padà sórí obìnrin wa láti Badore. Kò ní láti sunkún níwájú adájọ́. Ìbéèrè kẹta nìkan ti tó o: wọ́n ní ọkọ rẹ̀ kò tíì dé ẹnu iṣẹ́, òfin sì sọ pé ojú ọ̀nà ilé sí ibi iṣẹ́ wà lára rẹ̀. Àwọn tó kọ lẹ́tà náà fo abala 7.

Kí ni adájọ́ lè wá ṣe? Ó lè wọ́gi lé ìpinnu náà. Ó lè dá ọ̀rọ̀ náà padà sọ́dọ̀ àjọ pé kí wọ́n tún un wò bó ṣe tọ́. Ó lè kéde pé owó náà tọ́ sí ẹni tó béèrè. Tó bá jẹ́ pé ńṣe ni iléeṣẹ́ ìjọba dákẹ́, tí wọn kò sọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó lè pàṣẹ pé kí wọ́n ṣe iṣẹ́ wọn. Nígbà mìíràn, ohun tí ẹ máa rí gbà kì í ṣe owó lọ́jọ́ náà, àǹfààní ni kí wọ́n tún ọ̀rọ̀ yín gbé yẹ̀ wò dáadáa. Ẹ má fi ojú kéré rẹ̀.

Ìjọba náà máa ń jàre o. Tí ẹ bá pẹ́ ju ọdún kan lọ láì ní ìdí, wọ́n á jàre. Tí kò bá sí ohun tó fi hàn pé òṣìṣẹ́ lẹ jẹ́, wọ́n á jàre.

Ẹ̀rí ni gbogbo rẹ̀

Ẹ jẹ́ kí n fi ẹjọ́ kan tó kan àwọn ọmọ orí fóònù hàn yín. Kì í ṣe ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, ṣùgbọ́n kóòtù yẹn kan náà ni. Àwọn awakọ̀ kan gbé Uber àti Taxify, èyí tí à ń pè ní Bolt báyìí, lọ síbẹ̀ ní Èkó. Wọ́n ní kí adájọ́ kéde pé òṣìṣẹ́ làwọn, kí owó ìfẹ̀yìntì àti ètò ìlera lè tọ́ sí wọn. Ní oṣù Kejìlá 2018, adájọ́ da ẹjọ́ náà nù, torí ẹ̀rí tí wọ́n kó wá kò tó láti fi ìdí ọ̀rọ̀ wọn múlẹ̀.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí níbẹ̀ ni pé adájọ́ kò lè fi ohun tí gbogbo ayé mọ̀ ṣe ìdájọ́. Ohun tí ẹ bá gbé síwájú rẹ̀ ló máa lò. Fóònù tó wà lọ́wọ́ yín yẹn sì lè ran yín lọ́wọ́ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Áláàtì báǹkì tó fi owó oṣù hàn, ọ̀rọ̀ WhatsApp tí ọ̀gá fi ní "ẹ wá resume ní aago mẹ́fà", fọ́tò káàdì ìdánimọ̀, fọ́tò ibi tí ìjàǹbá ti ṣẹlẹ̀: ẹ tọ́jú gbogbo rẹ̀ síbi méjì, kí ó má jẹ́ pé tí wọ́n bá jí fóònù yín ní Ajah, ẹjọ́ bá a lọ. Ẹ má pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́ lórí fóònù lẹ́yìn tí ẹ bá ya screenshot. Òfin ẹ̀rí 2011, ní abala 84, ní ohun tó béèrè kí ẹ̀rí orí kọ̀ǹpútà àti fóònù tó wọlé, títí kan ìwé ẹ̀rí tó ń sọ bí wọ́n ṣe rí i. Lọ́yà yín á ṣe ìyẹn.

Tí ẹ kò bá mọ ìdí tí wọ́n fi kọ̀ yín, ẹ béèrè. Òfin Freedom of Information Act ti 2011 fún iléeṣẹ́ ìjọba ní ọjọ́ 7 láti dáhùn tí ẹ bá béèrè ìwé tó wà lọ́wọ́ wọn. Ẹ kọ lẹ́tà, ẹ jẹ́ kí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu ẹ̀dà tiyín. Òǹtẹ̀ àti déètì orí ẹ̀dà yẹn lè gbà yín lọ́jọ́ kan.

Àwọn òbí wa ńkọ́?

Ó dá mi lójú pé àwọn kan nínú yín ń ronú nípa màmá tó fẹ̀yìn tì ní iṣẹ́ tíṣà, tàbí bàbá tó ṣiṣẹ́ ìjọba ní 35 ọdún. Owó ìfẹ̀yìntì kì í ṣe owó àánú rárá. Abala 173 ìwé òfin dáàbò bo ti òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀, abala 210 dáàbò bo ti ìpínlẹ̀. Wọ́n ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dá owó náà dúró tàbí kó yí i padà láti fi pa ẹni tó ni ín lára, àfi bí òfin bá ṣe gbà á láyè. Wọ́n tún ní kí wọ́n máa ṣe àtúnyẹ̀wò owó náà ní ọdún márùn-ún márùn-ún, tàbí nígbà tí wọ́n bá ń tún owó oṣù òṣìṣẹ́ wò, èyí tó bá kọ́kọ́ dé.

Èkó bẹ̀rẹ̀ ètò ìfẹ̀yìntì alájọdá ní oṣù Kẹrin 2007, LASPEC ló sì ń bójú tó o. PenCom ni ti gbogbo orílẹ̀-èdè. Ọ̀dọ̀ wọn lẹ ó kọ́kọ́ kọ̀wé sí, kí ẹ sì dúró de ìdáhùn, kí ẹ tó ronú kan kóòtù.

Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún oṣù mẹ́ta. Òfin kan wà, Public Officers Protection Act, tó ní ẹni tó bá fẹ́ gbé òṣìṣẹ́ ìjọba lọ sí kóòtù nítorí ohun tó ṣe lẹ́nu iṣẹ́ gbọ́dọ̀ ṣe é láàárín oṣù mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló ti kú sí i lọ́wọ́. Ní 2019, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ nínú ẹjọ́ tí Ajibola Johnson àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bá àjọ RMAFC ṣe pé òfin oṣù mẹ́ta yẹn kò kan ọ̀rọ̀ àdéhùn iṣẹ́. Ìròyìn ayọ̀ ni fún òṣìṣẹ́. Síbẹ̀, tí ẹ bá fẹ́ kí adájọ́ yẹ ìpinnu iléeṣẹ́ ìjọba wò ní ilé ẹjọ́ gíga àpapọ̀, oṣù mẹ́ta náà ni ìlànà wọn fún yín. Nítorí náà, ẹ máa ka oṣù mẹ́ta sí gbèdéke yín, àfi tí òfin tó kan ọ̀rọ̀ yín bá sọ iye mìíràn ní kedere.

Owó lọ́yà ńkọ́?

Ẹ̀rù owó ló ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn dúró. Ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò bá ju owó oṣù tó kéré jù lọ, Legal Aid Council ti ìjọba àpapọ̀ wà fún irú rẹ̀. Ìjọba Èkó náà ní Office of the Public Defender, lọ́fẹ̀ẹ́ sì ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ gbé lẹ́tà náà lọ bá wọn, ẹ jẹ́ kí wọ́n sọ bóyá irú ẹjọ́ yín wà lára ohun tí wọ́n ń gbà.

N kò ní tàn yín: ẹjọ́ máa ń pẹ́. Tí ẹ bá pàdánù ní National Industrial Court, ọ̀nà kòtẹ́milọ́rùn wà, ṣùgbọ́n ó há. Ní oṣù Kẹfà 2017, nínú ẹjọ́ Skye Bank àti Iwu, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ jẹ́ kó yé wa pé ẹ lè gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ tọrọ àyè, àfi tó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Ibẹ̀ náà ló sì ń parí sí. Nítorí náà, ìgbà àkọ́kọ́ tí ẹ bá dé Lugard Avenue ni kí ẹ kó gbogbo ẹ̀rí yín lọ.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe lálẹ́ òní kò pọ̀. Ẹ bi ọ̀gá yín tàbí ẹni tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ níbi iṣẹ́ yín bóyá wọ́n ti forúkọ iléeṣẹ́ sílẹ̀ lọ́dọ̀ NSITF. Ẹ fi àdírẹ́sì ilé yín ránṣẹ́ sí wọn. Tí lẹ́tà rárá kan bá wà nínú ilé yín, ti bàbá, ti ìyá, ti ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín tó ṣe opó, ẹ gbé e jáde kí ẹ wo déètì orí rẹ̀. Ka ọjọ́ 90. Ka ọjọ́ 180. Tí ọjọ́ bá ṣì kù, ẹ mú un lọ bá lọ́yà ní Mọ́ńdè. Tí ẹ bá mọ sẹkiọ́rítì kan, awakọ̀ kan, tàbí ọmọ ọ̀dọ̀ kan tí kò lè ka eléyìí, ẹ fi ohùn ètò yìí ránṣẹ́ sí wọn, tàbí kí ẹ sọ ọ́ fún wọn lẹ́nu géètì bí ẹ bá ń wọlé.

Ó dìgbà kan ná. Ẹ máa ṣọ́ra lójú ọ̀nà o.